Ẹni Tó Pàdánù Ni Kí Ẹ Máa Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Gémù Oníjà àti Ìwà Ipá

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ sì kú ooru, torí mo rí i pé fáànù méjì péré ló ń yí nínú gbọ̀ngàn yìí, èmi nìkan sì ni ọ̀kan nínú wọn kọjú sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan bá mi yí i sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bóyá gémù tí àwọn ọmọ fi ń yìnbọn, tí wọ́n fi ń gé orí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ta sára ògiri, ló ń sọ wọ́n di oníjàgídíjàgan nílé àti níta. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé àdúgbò mi.

Ṣọ́ọ̀bù gémù kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onípákó, PlayStation tó ti gbó débi pé okùn ni wọ́n fi so ìdérí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo níta. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún bàtà ṣe ni mo gbọ́: "Èrú ni! Èrú lo ṣe!" Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin méjì ti wọ̀yá ìjà. Ètè ọ̀kan ti bẹ́, wáyà páàdì ti já, èkejì di ọrùn ẹ̀wù ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú olè. Ìyá kan sáré jáde láti ojúlé kejì, orógùn tó fi ń ro àmàlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọgun pé, "Mo ti ń sọ ọ́! Gémù ìpànìyàn yìí ni yóò ba gbogbo yín jẹ́!"

Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Pápá tútù yọ̀yọ̀ ni mo rí. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Góòlù 4 sí 3. Èyí tó kẹ́yìn wọlé nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán, ẹni tó gbá a wọlé sì ti dìde, ó ń jó sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Náírà 200 sì wà láàárín wọn.

Tẹlifíṣọ̀n kejì ni mi ò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi idà bẹ́ àwọn ẹbọra kan lórí, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà, ó sì ń fa omi inú ọ̀rá mu. Bí ìjà ṣe ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ńṣe ló kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n má baà ṣubú lù ú. Kò yíjú kúrò níbi tó ń wò.

Mi ò ní fi ìjà ọjọ́ kan ṣe òfin. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé, nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, èwo ló yẹ ká máa ṣọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fa ọ̀rọ̀ yìí dé ilé aṣòfin ṣáájú wa. Lọ́dún 1992 ni gémù kan tí wọ́n ń pè ní Mortal Kombat jáde. Ẹni tó bá borí nínú rẹ̀ lè fọwọ́ fa ọkàn ọ̀tá rẹ̀ yọ láyà, tàbí kó fa orí rẹ̀ tu tòun ti egungun ẹ̀yìn. Nígbà tó di 1993, wọ́n gbé e wá sínú ẹ̀rọ tí àwọn ọmọdé ń lò nílé. Ilé iṣẹ́ Nintendo sọ ẹ̀jẹ̀ inú tiwọn di òógùn. Sega ní tiwọn kò yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, wọ́n kàn fi pamọ́ sábẹ́ àwọn bọ́tìnnì kan téèyàn máa tẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi há bọ́tìnnì náà sórí bí ẹní há orin. Ohun tí ẹ bá tì mọ́lé ni ọmọdé kọ́kọ́ ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993 yẹn, àwọn sẹ́nétọ̀ méjì, Joe Lieberman àti Herb Kohl, pe àwọn onílé iṣẹ́ gémù wá sọ tẹnu wọn. Ohun tó tìdí ẹ̀ jáde ni ìgbìmọ̀ ESRB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, àwọn tó ń fi lẹ́tà sára páálí gémù. Lónìí, E ni ti gbogbo ayé, T ni ti ọ̀dọ́, M ni ti ẹni tó bá ti pé ọdún 17. Mo máa padà sórí lẹ́tà yẹn.

Ìbọn ló wá sọ àríyànjiyàn náà di iná. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1999, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì gbé ìbọn wọ Columbine, ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n pa èèyàn 13 lọ́jọ́ náà. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn Doom, gémù ìbọn kan. Láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé bí ìbọn bá dún nílé ìwé, gémù ni wọ́n kọ́kọ́ ń nàka sí. Nígbà tí wọ́n pa èèyàn 32 ní Yunifásítì Virginia Tech lọ́dún 2007, wọ́n ti ń bú gémù lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó mọ orúkọ apànìyàn. Àwọn tó ń bá ọmọ náà gbé wá sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò rí i nídìí gémù rí.

Ti Sandy Hook ló yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa èèyàn 26 nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọdé ni 20 nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Connecticut gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e, lóòótọ́ ni wọ́n rí gémù oníjà nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gba àkókò rẹ̀ jù ní òpin ọ̀sẹ̀ ni Dance Dance Revolution, gémù ijó, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ àmì lórí pèpéle bí orin bá ṣe ń lọ. Ilé sinimá ló ti ń lọ jó o, láti wákàtí 4 títí dé 10. Kò sẹ́ni tó bọ́ síta wá sọ pé ijó ló sọ ọ́ di apànìyàn. Bó bá jẹ́ pé gémù ìbọn ló gba wákàtí yẹn ńkọ́? Kò sí ìwé ìròyìn tí kò ní gbé e síwájú.

Lọ́dún 2018, lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 17 nílé ìwé kan ní Parkland, ní Florida, Ààrẹ Trump pe àwọn onílé iṣẹ́ gémù wá sí White House láti bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n tún yìnbọn pa èèyàn ní El Paso, ní Texas, ó tún dárúkọ gémù. Orílẹ̀-èdè tí ọmọ ọdún 18 ti lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra ìbọn gbọọrọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nìyẹn o. Àwọn baba wa ti ní orúkọ fún irú rẹ̀: fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gémù kan náà ni wọ́n ń ṣe ní Japan. Gémù kan náà ni wọ́n ń ṣe ní Gúúsù Kòríà, níbi tí ilé gémù wà káàkiri bí ìsọ̀ búrẹ́dì ṣe wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí wọ́n ń yìnbọn pa ní orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tó nǹkan rárá. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ọdún 1994 ni mímú àwọn ọ̀dọ́ fún ìwà ipá ga jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ọdún 1995 ni PlayStation dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò sọ pé PlayStation ló fà á wálẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé bó bá jẹ́ pé gémù lóògùn ìpànìyàn, ó yẹ kó ti jẹ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ó dáa. Ìpànìyàn lọ̀tọ̀, ìjà òòjọ́ lọ̀tọ̀. Ọmọ tí kò ní pa èèyàn láé ṣì lè máa gbá àbúrò rẹ̀ lójú. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù.

Ẹ rò ó wò ná. Báwo lẹ ṣe máa wọn ìwà ipá nínú yàrá ìwádìí? Ẹ ò lè fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ́bẹ kí ẹ wá máa wo ẹni tó máa gún ìkejì. Wọ́n ní láti wá ọgbọ́n dá. Lọ́dún 2000, Craig Anderson àti Karen Dill mú akẹ́kọ̀ọ́ 210 wọ yàrá. Wọ́n fún àwọn kan ní Wolfenstein 3D, gémù ìbọn. Wọ́n fún àwọn yòókù ní Myst, gémù àlọ́ àpamọ̀ tí kò sí ariwo nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n bá ẹnì kan díje, ẹni tó bá yára tẹ bọ́tìnnì ló borí, ẹni tó bá borí á wá fi ariwo gbá ẹni tó pàdánù létí. Bí ariwo yẹn bá ṣe pẹ́ tó ni wọ́n fi ń mọ bí inú ṣe ń bí èèyàn tó. Àwọn tó ti inú gémù ìbọn bọ̀ fi ariwo gbáni pẹ́ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ẹ fetí sí ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn: ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù nínú ìdíje tó ṣáájú ni. Ẹ bá mi fi ìyẹn pamọ́ sápò.

Àwọn mìíràn lo ata. Òótọ́ ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ tó máa tọ́ oúnjẹ wò, pé ẹni náà ò fẹ́ràn ata rárá, kó wá bu ata tí ẹni náà máa jẹ. Bí ata bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ka ìwà ìkà sí i lọ́rùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, màmá ìyàwó mi ló wá sí mi lọ́kàn. Lójú àwọn olùwádìí wọ̀nyẹn, ọ̀daràn paraku ni màmá náà.

Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìṣòro gidi wà níbẹ̀. Fífi ariwo gbá ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí létí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣé ìwà ipá nìyẹn? Ọkùnrin ará Jámánì kan, Malte Elson, lọ ka àwọn ìwádìí tó lo ariwo yìí, ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò èsì rẹ̀ lé ní 150. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n 150 nínú ìsọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà náà bi wọ́n léèrè. California ṣòfin lọ́dún 2005 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta gémù oníjà fún ọmọ tí kò tí ì pé 18. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, adájọ́ 7 sí 2 fagi lé òfin náà. Adájọ́ Antonin Scalia tó kọ ìdájọ́ sọ pé ìwádìí tí ìjọba gbé wá kò fi hàn pé gémù ló ń fa ìwà náà. Ó tọ́ka sí i pé Anderson fúnra rẹ̀ gbà pé bí ohun tó rí ṣe tóbi tó kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń wo Bugs Bunny, ehoro inú kàtúùnù yẹn. Ó tún rán wọn létí pé ìtàn tí àwọn òyìnbó ń sọ fún ọmọdé láti ayébáyé kún fún ẹ̀jẹ̀: ọmọ méjì ń ti àjẹ́ sínú iná ààrò, ẹyẹlé ń yọ ojú àwọn ọmọ orogún. Mo bá rántí àlọ́ tiwa. Olúróhunbí fi ọmọ tó bí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, àwa ọmọdé sì ń gbe orin rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ lábẹ́ òṣùpá, a tún ń pàtẹ́wọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá àgbà wá jẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kan dá apá kan sí. Àwọn tó sọ pé gémù oníjà ń ṣe nǹkan kì í ṣe òpùrọ́. Lọ́dún 2010, Anderson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí káàkiri ayé jọ, èèyàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 130,000, wọ́n ní ipa náà wà. Lọ́dún 2018, Prescott àti àwọn méjì mìíràn kó ìwádìí 24 jọ, nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀lé àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan bí ọmọ 17,000. Wọ́n rí i pé ọmọ tó ń ṣe gémù oníjà túbọ̀ ń jà díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Díẹ̀ ni mo wí. Díẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá kó ọmọ ogún jọ síwájú yín, ẹ ò lè fojú rí i.

Ìbéèrè tó ń mú mi ṣiyèméjì ni pé ta ló kọ́kọ́ wá? Ẹni tó fẹ́ràn ata ló ń wá ìsọ̀ alọ́bẹ̀ tí ata rẹ̀ ń ta. Ìsọ̀ yẹn kọ́ ló kọ́ ọ lẹ́nu jíjẹ ata. Àwọn ọkùnrin ló ń jà ju obìnrin lọ, àwọn ọkùnrin náà ló ń ṣe gémù oníjà ju obìnrin lọ. Bí ẹ kò bá yọ èyí kúrò nínú ìṣirò, gémù á jẹ̀bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní Yunifásítì Oxford lọ́dún 2019, Andrew Przybylski àti Netta Weinstein fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 1,004, ọmọ ọdún 14 àti 15. Wọn ò bi àwọn ọmọ léèrè nípa ìwà tiwọn nìkan, wọ́n bi àwọn òbí náà. Wọ́n sì kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ fáráyé rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pààrọ̀ òṣùwọ̀n lójú ọjà. Wọn ò rí nǹkan kan tó so gémù oníjà mọ́ ìwà jàgídíjàgan. Àwọn ará Jámánì ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn: èèyàn 77, àgbà ni wọ́n, apá kan ń ṣe Grand Theft Auto V, gémù ìbọn àti mọ́tò jíjí tí wọ́n ń pè ní GTA, lójoojúmọ́ fún oṣù méjì gbáko, apá kan ń ṣe The Sims 3 tí wọ́n ti ń kọ́lé tí wọ́n ń tọ́jú ìdílé, apá kẹta kò fọwọ́ kan gémù. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọkàn àwọn tó ń jí mọ́tò nínú gémù kò le ju ti àwọn tó ń kọ́lé lọ.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní APA, wá sọ tiwọn ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti so gémù mọ́ ìwà ipá gidi, àmọ́ ó ní nǹkan díẹ̀ í ṣe pẹ̀lú jíjágbe mọ́ni àti títini. Èmi gba èyí. Ó bá ohun tí ojú mi rí mu.

Ẹ wá yọ ohun tí ẹ fi pamọ́ sápò jáde: ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ni ìyàtọ̀ náà hàn.

Ní Canada, lọ́dún 2011, Paul Adachi àti Teena Willoughby ní Yunifásítì Brock béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti béèrè tipẹ́. Gémù oníjà sábà máa ń jẹ́ gémù ìdíje, wọ́n ní, kí ló dé tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ nìkan lẹ́bi? Wọ́n fún àwọn kan ní Conan, tí wọ́n ti ń fi idà ṣá èèyàn. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní Fuel, eré ìje mọ́tò tí kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀, àmọ́ tí ìdíje inú rẹ̀ gbóná tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún gbé ata jáde. Ata ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú gémù mìíràn, àwọn tó ṣe gémù ìdíje, ì báà ní ẹ̀jẹ̀ ì báà má ní, ni wọ́n bu ata jù. Àwọn tó ṣe gémù oníjà tí kò gbóná fún ìdíje kò bu ata púpọ̀.

Lọ́dún 2014, Przybylski tún bá àwọn mẹ́ta ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ mọ Tetris, bíríkì kéékèèké tó ń jábọ́ látòkè tí ẹ máa tò. Wọ́n yí i padà kó lè jẹ́ pé bíríkì tí kò bọ́ sí i ló máa ń wá ní gbogbo ìgbà. Kò sí bó o ṣe lè tò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí olúkúlùkù pinnu iye àkókò tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi ọwọ́ bọ omi tútù nini. Àwọn tí Tetris ṣe lójóró fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kún ìyà ẹni ẹlẹ́ni, ju àwọn tí tiwọn rọrùn lọ. Bíríkì aláwọ̀ lásán o! Kò sí idà, kò sí ìbọn, kò sẹ́ni tó sọkún nínú rẹ̀.

Ẹ wá fi í wé àwọn ọmọkùnrin méjì àdúgbò mi. Ètè tó bẹ́, wáyà páàdì tó já, àti náírà 200.

Ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn eléré gémù péjọ sí Jacksonville, ní Florida, fún ìdíje Madden. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni Madden, lẹ́tà E ló wà lára páálí rẹ̀, ọmọdé kékeré lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá díje pàdánù. Ó padà wá pẹ̀lú ìbọn, ó pa èèyàn méjì, ó sì pa ara rẹ̀. Mi ò lè sọ pé pípàdánù nìkan ló ṣe é, wọ́n ti dá a dúró nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì rí ìbọn rà. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń pàdánù lójoojúmọ́ tí wọ́n ń lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú gémù yẹn tí ẹnikẹ́ni lè di ẹ̀bi rù.

Ti Wichita, ní Kansas, ló tún gbòdì jù. Oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn méjì tó jọ ń ṣe Call of Duty lórí íntánẹ́ẹ̀tì jà nítorí tẹ́tẹ́ dọ́là 1.50. Ọ̀kan fún èkejì ní àdírẹ́sì tí kò gbé mọ́, ó ní kó wá bó bá tó bẹ́ẹ̀. Èkejì bẹ ẹnì kẹta lọ́wẹ̀ ní Los Angeles, ìyẹn tẹ àwọn ọlọ́pàá láago, ó purọ́ fún wọn pé òun ti pa èèyàn, òun sì de àwọn yòókù mọ́lé. Ọlọ́pàá yí ilé náà ká. Ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀, tí kò mọ gémù tí wọ́n ń sọ, ṣí ilẹ̀kùn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìbọn bà á, ó kú. Ẹni tó tẹ aago yẹn gba ẹ̀wọ̀n ọdún 20 lọ́dún 2019. Gémù ogun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn inú gémù kọ́ ló gbọ̀nà òde, tẹ́tẹ́ ni, àti èébú, àti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ọ̀dẹ̀.

Bàbá mi ò mọ ayò ta. Ẹ̀yin àgbà mọ bí nǹkan ṣe rí nídìí ọpọ́n: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè, òpè sì gbọ́dọ̀ gba yẹ̀yẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣẹ̀sín, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Bó bá wá délé, tí oúnjẹ kò bá níyọ̀ tó, ẹ kúkú máa wá ibi forí pamọ́ sí. A ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, bó bá ṣe bọ́ bàtà rẹ̀, bóyá ó jẹ tàbí wọ́n jẹ ẹ́. Ìbínú yẹn kì í ju ìdajì wákàtí lọ. 

Ohun tó wà nídìí ayò tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù gémù ni àgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ìjà, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa sọ pé, "Ó tó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó." Àwọn ọmọ wa jókòó sínú ooru láàárín ara wọn, owó wà nílẹ̀, ìwọ̀sí wà lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó ju ọmọ ọdún 15 lọ níbẹ̀ àfi ẹni tó ń gba owó. Nílé ńkọ́? Ọmọ á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á máa bá ẹni tí kò mọ̀ rí ṣe gémù lórí fóònù, ẹni yẹn á máa bú ìyá rẹ̀ sí i létí. Inú pálọ̀ la jókòó sí, a ń bẹ̀rù ìbọn tí kò sí.

Bí mo ṣe parí ọ̀rọ̀, ìyá kan nawọ́. Ó ní, "Sà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí n fi ọmọ mi ọlọ́dún 8 sílẹ̀ kó máa ṣe GTA?"

Rárá o, màámi. Lẹ́tà M ló wà lára páálí yẹn. Kì í ṣe torí pé yóò lọ pa èèyàn. Èébú inú rẹ̀ pọ̀, obìnrin oníhòòhò wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi àwọn obìnrin ṣe ohun tí ẹ ò ní fẹ́ kó rí ní sinimá. Bí ẹ ò ṣe ní jẹ́ kó bá bàbá rẹ̀ lọ sílé ọtí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ kàn má sọ fún un pé yóò sọ ọ́ di apànìyàn, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nílé ìwé tó ń ṣe é tí kò tí ì pa ẹnikẹ́ni, yóò sì mọ̀ pé irọ́ lẹ pa.

Bàbá kan lẹ́yìn wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì àdúgbò mi já sí.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí àwọn méjèèjì jọ san owó páàdì. Ó lẹ páálí kan mọ́ ògiri: kò sí tẹ́tẹ́ níbí mọ́, ẹni tó bá sì jó sí ẹlòmíràn lójú, yóò dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo yọjú síbẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Àwọn méjèèjì tún jókòó pọ̀. Góòlù 5 sí òdo. Ọmọ tí ètè rẹ̀ bẹ́ lọ́jọ́sí náà ni wọ́n ń nà. Bí fèrè ti dún, ó gbé páàdì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun ń lọ ra gúgúrú. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó ti jẹ gúgúrú náà dé ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wá na ìyókù sí ẹni tó nà án.